Síìpù jákẹ́ẹ̀tì ń là lẹ́yìn orí rẹ̀: ṣé kí n tú u ni?

Akẹ́kọ̀ọ́Aránṣọ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí abẹ́rẹ́. Mo ní jákẹ́ẹ̀tì kan tí mo fẹ́ràn gidigidi. Aṣọ rẹ̀ ṣì le dáadáa, láìnì inú rẹ̀ kò tíì ya níbì kankan. Síìpù iwájú rẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá fà á, orí síìpù, irin kékeré tí à ń fà, á gòkè dé ọrùn, ṣùgbọ́n ibi tó ti kọjá á tún là sí méjì. Mo wo eyín rẹ̀ títí, n kò rí èyí tó kán tàbí tó yọ. Aránṣọ kan tí mo gbé e lọ bá ní kí òun tú gbogbo síìpù náà kúrò, kí òun fi tuntun sí i, àmọ́ òun á ní láti tú láìnì, kọ́là àti etí ìsàlẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Síìpù náà jẹ́ onírọ́bà, eyín rẹ̀ tóbi, irú èyí tó máa ń là sí apá méjì pátápátá láti ìsàlẹ̀ ni.

Ọ̀gáÒwú
Àbúrò mi, má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú òwú kankan lára jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Bí eyín bá pé, tí síìpù sì ń là lẹ́yìn orí, orí ló ti gbó. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá tú síìpù tó dára dànù nítorí orí kékeré kan, torí pé aṣọ tí a bá tú, ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ kì í kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Gbé orí síìpù náà súnmọ́ ojú, kí o wò ó dáadáa. Lápá òkè ó ní ẹnu méjì, nísàlẹ̀ ó ní ẹnu kan ṣoṣo. Láàárín ẹnu méjì yẹn ni irin ṣóńṣó kan wà. Nígbà tí o bá ń ṣí síìpù, irin ṣóńṣó yẹn ló ń pín eyín níyà. Nígbà tí o bá ń fà á sókè, ògiri orí lọ́tùn-ún àti lósì ló ń ti eyín wọnú ara wọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, irin orí ń jẹ, àyè tó wà láàárín pẹpẹ òkè àti pẹpẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Kò ní fẹ̀ tó ohun tí ojú á tètè rí, ṣùgbọ́n ó ti tó kí eyín má lè wọnú ara wọn mọ́.

Ṣe àyẹ̀wò kan kí o tó ṣe ohunkóhun. Fà á sókè, fà á wálẹ̀, tún un ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí o sì máa kíyè sí ibi tó ti ń là. Bó bá ń là níhìn-ín, tó tún ń là lọ́hùn-ún, orí ni. Bó bá jẹ́ ojú kan náà ló ti ń là ní gbogbo ìgbà, eyín ibẹ̀ ni kí o wò: ó lè ti wọ́, ó lè ti yọ, ó sì lè jẹ́ pé fọ́nrán òwú kan ló há síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Aránṣọ
Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Mo ṣe é bí ẹ ṣe wí. Ibi gbogbo ló ń là, kò lójú kan. Kí ni kí n wá ṣe sí orí náà? Ẹnì kan ní kí n fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ pọ̀.

ÌyáOnígáùn
Òótọ́ ló sọ fún yín. Ẹ̀mú lèmi náà máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹ fa orí wá sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ fi ẹ̀mú di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ mú lápá ibi tí ẹnu kan yẹn wà, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba o, torí bí ẹ bá tẹ apá kan ju èkejì lọ, orí á máa rìn ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá fà á sókè kí ẹ dán an wò. Bí kò bá tíì mú, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, kò ní lè rìn lórí eyín mọ́.

AlátùnṣeBáàgì
Ìyá wa, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Irin síńkì tí wọ́n pò mọ́ irin mìíràn ni wọ́n fi ń dà púpọ̀ nínú orí síìpù, irin yẹn kì í sì í gba títẹ̀ púpọ̀ kó tó sán. Bí kò bá tiẹ̀ sán, ara tó ti jẹ kúrò kò ní padà wá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lónìí, láìpẹ́ ẹ ó tún padà sídìí ẹ̀mú. Mo gbà pé kí ènìyàn lò ó nígbà tó bá wà lójú ọ̀nà tí kò sí ohun mìíràn. Bí ẹ bá wà nílé, ẹ pààrọ̀ orí.

Ẹ yí orí àtijọ́ padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sábà máa ń ní nọ́ńbà: 3, 5, 8 tàbí 10. Nọ́ńbà yẹn súnmọ́ iye mìlímítà tí eyín fẹ̀ nígbà tí síìpù bá wà ní títì. 3 ni ẹ ó máa rí lára gáùn, síkẹ́ẹ̀tì àti ìrọ̀rí. 5 ni ti jákẹ́ẹ̀tì àti àpò ọwọ́. 8 àti 10 wà fún báàgì ńlá, àgọ́ àti bàtà.

Nọ́ńbà nìkan kò tó o. Orí tí wọ́n ṣe fún náílọ́ọ̀nù nọ́ńbà 5 kò lè rìn lórí eyín rọ́bà nọ́ńbà 5, ti onírin náà sì tún dá yàtọ̀, torí pé inú wọn kò rí bákan náà. Kódà, nọ́ńbà kan náà àti irú kan náà láti ilé-iṣẹ́ méjì lè ṣe é kó má bá ara wọn mu. Orí àtijọ́ ni kí ẹ mú dání lọ rà.

Akẹ́kọ̀ọ́Aránṣọ
Mo yí i padà. Mo rí YKK, mo sì rí 5 pẹ̀lú VS lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

AlátùnṣeBáàgì
YKK ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ará Japan ni wọ́n, Tadao Yoshida ló dá a sílẹ̀ ní Tokyo ní 1934. 5 ni ìwọ̀n. V yẹn jẹ mọ́ Vislon, orúkọ tí wọ́n fún síìpù eyín rọ́bà wọn. Ká ní ti náílọ́ọ̀nù ni, C lẹ bá rí. Nítorí náà, orí síìpù rọ́bà nọ́ńbà 5, tí ahọ́n rẹ̀ (ibi tí ọwọ́ ń dì mú fà) máa ń ti ara rẹ̀ pa, lẹ nílò.

Bí ẹ ó ṣe fi sí i rèé. Jákẹ́ẹ̀tì tó ń là pátápátá, orí rẹ̀ máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó ní àpótí kékeré nísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ máa ń kì bọnú àpótí náà. Ẹ lọ sókè ẹ̀gbẹ́ àpótí, ẹ ó rí ìdènà kékeré kan lórí eyín tó kẹ́yìn. Ẹ fi ẹnu ẹ̀mú yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ má jẹ́ kó gé ọ̀já, ìyẹn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí eyín so mọ́. Bí ìdènà bá ti kúrò, orí àtijọ́ á yọ láti òkè.

Orí tuntun náà, láti òkè yẹn kan náà ni kó gbà wọlé. Ẹ kọ ẹnu méjì sókè, ẹnu kan sísàlẹ̀, kí ahọ́n wà níta. Ẹ ti etí ọ̀já bọ ẹnu ìsàlẹ̀, kó jáde láti inú ọ̀kan nínú ẹnu méjì òkè, èyí tó wà lápá ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn. Ẹ fa orí náà wálẹ̀ títí tó fi máa jókòó sórí àpótí. Ẹ wá ti ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ kejì bọ̀ ọ́, ẹ fà á sókè. Bó bá mú, ẹ tẹ ìdènà tuntun mọ́ ibi tí ti àtijọ́ wà. Bí ẹ kò bá ní ìdènà, ẹ fi òwú onípele méjì rán ojú kan náà léraléra títí tó fi máa yi, orí kò ní lè kọjá.

Ọ̀gáÒwú
Ọ̀nà rẹ̀ gan-an nìyẹn. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé lára jákẹ́ẹ̀tì míì, etí òkè ọ̀já máa ń wọnú kọ́là. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tú òwú ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà mélòó kan níbẹ̀, kí o lè rí ìdènà, kí o sì fi ọwọ́ rán an padà. Kò tún ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Onímọ̀Ẹ̀rọ
Ọ̀rọ̀ orí yìí dùn mọ́ mi, torí ìtàn síìpù fúnra rẹ̀ dúró lé e lórí. Whitcomb Judson gba ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí irú ìdè bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1893, fún bàtà. Ìkọ́ àti ihò ló fi ṣe é, ó sì máa ń já sílẹ̀. Gideon Sundback, ẹlẹ́rọ tí wọ́n bí ní Sweden tó wá ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló yanjú ìṣòro náà ní 1913, tó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní 1917. Ohun tó ṣe ni pé ó mú kí gbogbo eyín rí bákan náà: kókó kékeré ní ojú kan, ihò kékeré ní òdìkejì. Kókó eyín kan ń jókòó sínú ihò eyín tó tẹ̀ lé e. Eyín kan kò lè wọlé, kò sì lè jáde, àfi bó bá yí díẹ̀, orí nìkan ló sì ń yí i. Ìdí rèé tí ènìyàn fi lè fa síìpù tó wà ní títì lọ́tùn-ún lósì kó má là, tí ìka kan sì tún lè ṣí i láti òkè délẹ̀. Síìpù onírin tí à ń lò lónìí kò tíì kúrò lórí èrò yẹn.

Ti náílọ́ọ̀nù yàtọ̀ díẹ̀. Fọ́nrán kan ṣoṣo ni wọ́n ká lọ títí, kò ní eyín ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi rọ̀, tó sì ṣeé tẹ̀ yípo igun.

Olùpàgọ́
Ẹ dákun, ẹ gba tèmi náà yẹ̀ wò. Síìpù ẹnu-ọ̀nà àgọ́ mi ni. Kò là o, ó kàn le láti fà, pàápàá níbi tó ti yí kọ́nà. Mo ti da òróró ìdáná sí i, ó rìn fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Náílọ́ọ̀nù nọ́ńbà 10 ni.

ÌyáOnígáùn
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má da òróró ìdáná sí síìpù. Ó ń fa eruku mọ́ra, ó sì máa ń di aláàlẹ̀mọ́. Aṣọ tó bá kàn, àbàwọ́n rẹ̀ kì í lọ.

Ọ̀gáÒwú
Iyanrìn ló wà nínú síìpù yín, iyanrìn ló sì ń jẹ orí síìpù àgọ́ ju ohun gbogbo lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ eyín rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kí òróró yẹn lè bọ́. Ẹ fọ inú orí náà. Ẹ ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà lẹ ó tó fi ohun tí ń mú un yọ̀ sí i. Àbẹ́là tàbí ọṣẹ gbígbẹ, ẹ fi ra eyín lójú méjèèjì, ẹ fa orí lọ fà á bọ̀, ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́kù. Sílíkónì tí wọ́n ṣe fún síìpù náà dára fún náílọ́ọ̀nù. Síìpù onírin ni mo máa ń fi òjé pẹ́ńsù ra, kì í sì í ṣe lára aṣọ funfun, torí ó ń dọ̀tí.

Bí ẹ bá ń pàgọ́ létí òkun, omi tútù lásán ni kí ẹ fi ṣan síìpù lẹ́yìn ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ ń jẹ orí onírin, bí eyín kò tiẹ̀ jẹ́ irin.

Akẹ́kọ̀ọ́Aránṣọ
Ẹ̀yin ará, mo ti pààrọ̀ orí jákẹ́ẹ̀tì náà! Òwú kọ́là díẹ̀ ni mo tú, bí ọ̀gá ṣe wí. Síìpù ń lọ geere, kò là mọ́. N kò mọ bí n ó ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣé mo lè fi ìbéèrè mìíràn kún un? Gáùn kan wà níwájú mi tí mo fẹ́ fi síìpù ínfísíbù, èyí tí eyín rẹ̀ kì í hàn síta, sí lẹ́yìn, mo sì gbọ́ pé ó máa ń hun bí ìgbì tí wọn kò bá rán an dáadáa. Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é tó fi ń tẹ́jú?

ÌyáOnígáùn
Ẹ kú oríire jákẹ́ẹ̀tì o. Àyè mi lẹ wá yìí.

Kí síìpù tó hun, aṣọ ló kọ́kọ́ na. Ibi ẹ̀yìn gáùn sábà máa ń ní ìtẹ̀, aṣọ tí a sì gé ní ìdábùú tàbí ní ẹ̀gbẹ́ máa ń fà lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì. Ọ̀já síìpù kì í fà ní tirẹ̀. Nígbà tí aṣọ bá gùn ju ọ̀já lọ, kí ló kù bí kò ṣe kó ká jọ? Ẹ gé gọ́ọ̀mù-sitéè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, aṣọ tí áyọ́ọ̀nù ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ níbi tí síìpù máa dé, lápá méjèèjì. Lórí aṣọ tó fẹ́lẹ́ àti èyí tó ń fà, n kì í fo èyí dá rárá. Bí aṣọ yín bá jẹ́ irú èyí tó ń sún kì tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, ẹ ti fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, torí ọ̀já pọ́líẹ́sítà kò ní bá a sún kì.

Ẹ ra síìpù tó gùn ju ẹnu ẹ̀yìn gáùn lọ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3, torí máṣíìnì kò lè rán dé ìdí rẹ̀ gan-an. Ẹ má sì pa ẹ̀yìn gáùn pọ̀ ní ìsàlẹ̀ o. Síìpù ni ẹ ó kọ́kọ́ rán, lẹ́yìn náà lẹ ó tó pa ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀.

Ẹ ṣí síìpù náà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ẹ ó rí i pé eyín rẹ̀ ká wọnú. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ ṣí i kó dúró ṣánṣán. Kò gbọdọ̀ gbóná o, náílọ́ọ̀nù á yọ́, síìpù sì bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ gbé ojú síìpù kọ ojú aṣọ, kí eyín jókòó gẹ́lẹ́ sórí ìlà tí ẹ fẹ́ rán. Ẹ fi ọwọ́ táàkì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ rán an mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. Ó ń gba àsìkò, àmọ́ ó sàn ju pínì lọ, torí pínì kì í jẹ́ kí ọ̀já tẹ́jú. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ máṣíìnì tí wọ́n ṣe fún ínfísíbù rán an láti òkè wá sísàlẹ̀, kí abẹ́rẹ́ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín láìgun un.

Kí ẹ tó rán ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ ti síìpù pa, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ìlà ìbàdí bá dé lára ọ̀já kejì. Ẹ tún ṣí i, ẹ fi àmì yẹn ṣe atọ́nà. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ìbàdí ọ̀tún á ga ju ti òsì, ojú tó bá sì wo ẹ̀yìn yín á rí i. Láti òkè wá sísàlẹ̀ náà ni kí ẹ rán ẹ̀gbẹ́ kejì, kí aṣọ lè rìn bákan náà.

Níbi ìlà ìbàdí, aṣọ máa ń nípọn. Ẹ gé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò, ẹ lọ̀ ọ́ tẹ́jú, kí ẹ sì rán jìnnà sí eyín díẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe kí ẹ fún un mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni orí máa ń há sí, ẹni tó bá fi agbára fà á kọjá ni síìpù rẹ̀ ń là.

ẸniTuntunNídìíMáṣíìnì
Mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹ ṣeun. Èyí tí mo ní gùn jù. Ẹnu àpò tí mo ń rán jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, síìpù jẹ́ 40. Ṣé mo lè gé e? Mo sì tún ní èyí tó ń là pátápátá, tó gùn ju swẹ́tà ọmọ mi lọ.

AlátùnṣeBáàgì
Ẹ lè gé méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibì kan náà lẹ ó ti gé wọn.

Èyí tí ìdí rẹ̀ pa, ti àpò yẹn, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti gé e. Ẹ ti síìpù pa. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 25 láti òkè, ẹ sàmì. Bó bá jẹ́ náílọ́ọ̀nù, ẹ fi òwú tó le rán an lábùú lórí eyín níbi àmì náà, ní ìgbà púpọ̀, kó di ìdènà tuntun. Máṣíìnì lè rán an pẹ̀lú sígísáàgì tí gígùn rẹ̀ wà lórí òdo, bí ẹ bá ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ lábẹ́ ìdènà náà kí ẹ tó gé e. Iná ìṣáná díẹ̀ lè pa etí ọ̀já kó má tú. Ẹ má mú iná súnmọ́ eyín.

Swẹ́tà yẹn ń kọ́? Àpótí àti ọ̀pá ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kò lè gé ibẹ̀. Òkè ni. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ fa orí wálẹ̀, kó kọjá ibi tí ẹ fẹ́ gé. Mo ń tẹnu mọ́ ọn, torí bí orí bá wà lókè tí ẹ fi gé e, ọwọ́ yín ni orí máa wà. Eyín onírin, ẹ fi ẹ̀mú agéwáyà gé orí eyín kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fa ìyókù kúrò lára ọ̀já. Ẹ wọ awò ojú, eyín irin ń ta. Eyín rọ́bà náà ṣeé gé bẹ́ẹ̀. Ẹ wá tẹ ìdènà mọ́ orí eyín tó kù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀já tó ṣẹ́kù, ẹ ṣẹ́ ẹ wọnú ọrùn swẹ́tà kí ẹ rán an mọ́ ọn.

ÌyáOnígáùn
Fún síkẹ́ẹ̀tì tó ní bẹ́líìtì aṣọ, èyí ni mo máa ń ṣe. Mo máa ń rán síìpù gígùn sí i, kí àṣẹ́kù rẹ̀ yọ lókè. N ó fa orí wálẹ̀, n ó rán bẹ́líìtì aṣọ kọjá lórí rẹ̀, n ó wá gé èyí tó yọ. Bẹ́líìtì náà ló ń di ìdènà. Onírin nìkan ni n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí láìyọ eyín ibẹ̀ kúrò ná, torí abẹ́rẹ́ á kán.

Onímọ̀Ẹ̀rọ
Ìbéèrè kan fún ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́: bí ẹ bá fẹ́ yan irú síìpù, kí lẹ máa ń wò?

Ọ̀gáÒwú
Mo máa ń wo aṣọ kí n tó wo síìpù. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè gbé síìpù tó wúwo, á máa fà á wálẹ̀. Ibi tó bá yípo, náílọ́ọ̀nù. Ṣòkòtò jíǹsì, onírin, ó ń fara da fífọ̀ àti fífà. Jákẹ́ẹ̀tì òtútù, rọ́bà eyín ńlá: kò tutù lọ́wọ́, kò sì ń dípẹtà. Ínfísíbù kò yẹ fún aṣọ tó fún mọ́ ara pinpin tàbí àpò tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Bí mo bá mú síìpù lọ́wọ́ kí n tó rà á, mo máa ń fa orí rẹ̀ lọ fà á bọ̀, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ bí ọrun nígbà tó wà ní títì, kí n rí i bóyá á là.

Olùpàgọ́
Mo fọ síìpù àgọ́ náà bí ẹ ṣe wí, iyanrìn tó jáde kò kéré. Ó ti ń rìn. Ṣùgbọ́n àpò ìsùn mi náà ní tirẹ̀: orí ti bọ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó wà lára ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìdí síìpù náà pa, kò ní àpótí.

AlátùnṣeBáàgì
Ẹ fa orí wá sísàlẹ̀ pátápátá, lára ẹ̀gbẹ́ tó ṣì wà. Lára ẹ̀gbẹ́ tó bọ́, ẹ fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé ọ̀já wọlé láàárín eyín méjì, díẹ̀ sókè ìdènà ìsàlẹ̀. Ẹ ti etí ọ̀já tó wà lókè ibi tí ẹ gé bọ ẹnu òkè orí náà tó ṣófo, ẹ di ìdí rẹ̀ mú, ẹ fa orí sókè. Bí eyín bá ti mú ara wọn, ẹ rán an lábùú lókè ibi tí ẹ gé, kó yi dáadáa. Síìpù á kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣiṣẹ́. Bó bá tún bọ́ láìpẹ́, orí ló ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

ẸniTuntunNídìíMáṣíìnì
Bí eyín kan bá yọ ńkọ́?

AlátùnṣeBáàgì
Bó bá súnmọ́ ìdí, ẹ rán ìdènà tuntun sókè rẹ̀, ó tán. Bó bá wà láàárín, ẹ pààrọ̀ síìpù. Náílọ́ọ̀nù tí fọ́nrán rẹ̀ já náà nìyẹn. Bí fọ́nrán náà bá wulẹ̀ wọ́ tí kò já, ẹ lè fi orí abẹ́rẹ́ tì í padà sípò.

Akẹ́kọ̀ọ́Aránṣọ
Gáùn ti parí, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, ìlà ìbàdí bá ara mu. Ìyá wa, ẹ ṣeun púpọ̀. Èyí tó kù báyìí ni ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti bá a pààrọ̀ orí síìpù rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu, kò là, àmọ́ bó bá ti jókòó, síìpù á sún wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀gáÒwú
Orí tí wọ́n fi sí i kì í ti ara rẹ̀ pa. Ti báàgì ni. Irú orí bẹ́ẹ̀ wà fún ohun tí ènìyàn ń ṣí tí ó ń tì lemọ́lemọ́, kò sí ohun tó dì í mú lórí eyín. Orí ti ṣòkòtò ní eékánná irin kékeré nínú, tó ń bọ́ sáàárín eyín nígbà tí a bá tẹ ahọ́n rẹ̀ sísàlẹ̀. Wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, o ó rí i bó bá wà. Ra èyí tó ní i, irin, ìwọ̀n kan náà, kí o sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó máa tẹ ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀ tó bá ti fà á dé òkè.